Ẹ Pa Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Kí Mi

Ìkíni ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ bá mi wí nílùú òyìnbó. Kì í ṣe pé mi ò kí èèyàn o. Mo kí èèyàn jù ni. Nínú ilé tí mo ti wá, bí ọmọ bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìsọ pé "ẹ kú iṣẹ́", wọ́n á pè é padà, wọ́n á sì bi í léèrè irú ìyá tó bí i. Màámi kì í gba gbẹ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú mi ló ṣe tí wọ́n fi dá ọkùnrin onírùngbọ̀n kan padà láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kó wá kí àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ dáadáa kó tó máa lọ. Ó padà wá, ó sì kí wọn.

Abúlé wa ò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ lójú títì tó lọ sí Ifẹ̀, ọ̀kadà ló máa gbé ọ wọlé. Níbẹ̀ ni Màámi ti ń lọ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sì ń yan gaàrí tà. Bàbá mi ló ra ẹ̀rọ náà, nígbà tí wọ́n sì kú, Màámi ò tà á. Obìnrin mẹ́fà ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń bẹ ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń fún un lábẹ́ jáàkì, àwọn kan wà nídìí agbada, ẹnì kan á sì dúró ti ẹnu ẹ̀rọ, á máa ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn ilé, ẹnu ẹ̀rọ wà nínú ilé, bẹ́líìtì rọ́bà kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀, tó ń sáré yí láti àárọ̀ dalẹ́. Nǹkankan ò bo bẹ́líìtì yẹn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀, kò sì jọ mí lójú. Bẹ́líìtì ni, ó ń yí, kí èèyàn ṣáà má lọ fọwọ́ kàn án.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti rin ọ̀nà náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì rìn ín á rí ẹlòmíì tó máa sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀rọ̀ ìkíni ni mo fẹ́ sọ, torí àwọn méjèèjì ló pàdé lórí ọwọ́ ẹnì kan tí mo fẹ́ràn, èmi náà sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ kárọ́ọ̀tì, tí wọ́n sì ń gé e sínú ọ̀rá, ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Inú ilé náà tutù ju ìta lọ, bẹ́ẹ̀ ìta gan-an ń mú kí eyín mi máa gbá ara wọn. Ọ̀gá tó wà lórí wa jẹ́ obìnrin ará Pòtúgà kan, irun orí wọn ti funfun tán, mo sì rò pé wọ́n á ju Màámi lọ lọ́jọ́ orí. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn ní Gulóríà, bẹ́ẹ̀ lásán. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ìyá Gulóríà ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni Gulóríà, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì máa pè wọ́n níbí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wà nídìí bẹ́líìtì gígùn tó ń gbé kárọ́ọ̀tì lọ, mò ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò, ni Ìyá Gulóríà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Mo yíjú sí wọn, mo tẹ orúnkún, mo ní, "Gúdú mọ́nìn, mà." Kí n tó dìde, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ìyá Gulóríà ló tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró lára ògiri. Ogún èèyàn ń wò mí, mi ò sì mọ ohun tí mo ṣe.

Wọ́n ní kí n wo ọwọ́ òsì mi. Nígbà tí mo yíjú, tí mo sì tẹ orúnkún, ọwọ́ yẹn ti wá ibi tó máa dì mú fúnra rẹ̀. Etí ibi tí bẹ́líìtì ti ń wọ abẹ́ irin ló dì mú. Ó ku ìwọ̀n ìka kan kó wọlé.

"Ta ni o ń kí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Nídìí ẹ̀rọ, mi ò sí. Ọba gan-an ì báà kọjá, kò sí. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ń ṣe ni kí ojú rẹ máa wò. Tó o bá fẹ́ kí mi, ká pàdé nílé oúnjẹ."

Mo ti ń ro ibi tí mo máa tún wáṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n wọn ò lé mi. Ńṣe ni wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó gbé àpò irinṣẹ́ wá, ẹ̀rọ ò sì tún ṣiṣẹ́ títí ó fi de irin bo àlàfo tí ọwọ́ mi wà létí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀bi mi kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé àlàfo tó lè gba ọwọ́ èèyàn ò yẹ kó wà níbi téèyàn ń dúró sí. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Nílé, èmi ni wọn ì bá fi ariwo lé kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọn ì bá sì fi àlàfo náà sílẹ̀ de ẹni tó kàn.

Ìgbà kejì tí wọ́n bá mi wí, mo yọ̀ ṣubú lórí omi ni. Ìdí ni mo fi lélẹ̀, ó sì dùn mí wọ eegun. Ìyá Gulóríà sáré dé, wọ́n ní ṣé ó dùn mí. Mo dáhùn bí wọ́n ṣe tọ́ mi: "Rárá, mà. Mo dúpẹ́." Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin kan yọ̀ níbi omi yẹn kan náà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì yẹ̀. Ìyá Gulóríà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lánàá tí mo bi ọ́, mi ò fi kí ọ," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tí omi náà ti ń jò ni. Ká ní o sọ fún mi ni, à bá ti dí i."

Ni wọ́n bá fi ìwé ńlá kan hàn mí tí wọ́n fi okùn so mọ́ ògiri. Inú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe wọ́n léṣe sí, títí kan èyí tí kò dá egbò kankan sí wọn lára, ọ̀gá kan sì gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe sí i sábẹ́ rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni ò kọ "mo dúpẹ́" síbẹ̀.

Iṣẹ́ mọ́ mi lára kíákíá. Ohun tí kò mọ́ mi lára ni ìdákẹ́rọ́rọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni èmi àti ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé fi ń pàdé lórí àtẹ̀gùn, tí kò bi mí pé ṣé mo sùn dáadáa. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì, mo máa jókòó, mo máa sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní kí mi kú àárọ̀. Wọn ò bínú sí mi o. Wọn ò rí ohun tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ni. Ebi ìkíni wá ń pa mí, mo sì ń sọ ọ́ bó ṣe rí yẹn gan-an, torí inú ni mo ti ń mọ̀ ọ́n. Tí o bá dàgbà síbi tí ogún èèyàn ti ń bi ọ́ léèrè ara rẹ kí oòrùn tó ràn, tó wá di ọjọ́ kan tí ẹnì kan ò bi ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì pé bóyá o ò sí níbẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pe ilé lójoojúmọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń fún wa láyè ìsinmi, lákòókò yẹn gan-an sì ni ẹ̀rọ Màámi máa ń pariwo jù. Wọ́n á tan fídíò, wọ́n á gbé foonu káàkiri inú ilé ẹ̀rọ, wọ́n á máa nà án sí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wá kí ẹ̀gbọ́n yín." Àwọn òṣìṣẹ́ á kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ kú àjò o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé òtútù ò pa yín?" Èmi náà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń gbé ìyókù ọjọ́.

Sídíkátù ló máa ń pẹ́ jù lórí foonu. Òun ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ní ọmọ kan, àdúgbò wa ló fẹ́ ọkọ sí. Ọwọ́ rẹ̀ yá níbi iṣẹ́ irun. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, Olódò ló ń lọ láti dirun fún àwọn èèyàn, wọ́n á sì ti tò dè é kó tó dé. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá padà wálé, òun máa dì mí ní ṣùkú tí gbogbo Ẹgbẹ́dá máa yíjú wò. Mo ní kó má wulẹ̀ ṣe é ní kékeré fún mi o.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Gulóríà pè mí, wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá máa yẹ ẹ̀rọ wò láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, torí ojú mi mú. Inú mi dùn kọjá sísọ. Nígbà tí ìsinmi tó, mo pe ilé, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí Màámi tó parí ìkíni. Ni wọ́n bá kígbe sáàárín ilé ẹ̀rọ pé, "Sídíkátù, wá kí ẹ̀gbọ́n ẹ, wọ́n ti sọ wọ́n di ọ̀gá lọ́hùn-ún." Wọ́n na foonu sí i.

Mo rí i tó yíjú. Mo rí ẹ̀rín rẹ̀. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó ń tẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ń wá ibi tó máa dì mú. Mo mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ń lọ, torí ọwọ́ tèmi ti lọ síbẹ̀ rí. Mo pariwo, mo ní, "Sídí, ọwọ́ ẹ!" Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kó gbọ́. Ó rò pé mò ń dá a lóhùn ìkíni ni. Ó tún wá tẹ orúnkún sí i láti fi bọlá fún mi.

Foonu bọ́ lọ́wọ́ Màámi. Páánù òrùlé ni mò ń wò láti ibẹ̀ lọ, mo sì ń gbọ́ ohùn wọn. Ẹ́ńjìnnì ò dákẹ́ bọ̀rọ̀, torí ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń pa á, ẹni tó máa pa á sì gbọ́dọ̀ sáré yípo ilé. Mo dúró sínú ilé oúnjẹ wa tèmi ti aṣọ iṣẹ́ funfun, mò ń ké pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ìka méjì ni bẹ́líìtì náà mú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí ìka àárín tún ṣe, ṣùgbọ́n ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, wọ́n gé e ní oríkèé àkọ́kọ́. Màámi ló dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn náà ló sì san gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n san. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Èèyàn dáadáa lèèyàn á jẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì máa gé ọwọ́ ọlọ́wọ́. Èyí ni mo rí tó ń dùn mí títí dòní.

Mo fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún, ó sì tó mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí wọ́n ti ṣe sí bẹ́líìtì.

"A ti gbà á ládùúrà," ni Màámi wí. Aládùúrà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ àdúrà kì í ṣe eré lọ́dọ̀ wọn. "A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Wòlíì wọ́n omi sí gbogbo ara ẹ̀rọ. Ọ̀tá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti tán."

"Àmín, mà. Ṣé wọ́n ti bo bẹ́líìtì?"

"Kí ni kí n fi bò ó? Ogún ọdún ni bàbá ẹ fi lò ó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Jímọ̀ máa kúrò nídìí agbada wá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun lójú, kì í wò káàkiri bíi Sídíkátù."

"Sídíkátù ò wò káàkiri, Màámi. Èmi ló ń kí."

Wọ́n ṣáà ní ọ̀tá ni.

"Àtàǹpàkò Bàbá ńkọ́?" ni mo bi wọ́n. Bàbá mi ò ní èékánná lórí àtàǹpàkò ọ̀tún. Bí a ṣe bá wọn nìyẹn. Tí a bá bi wọ́n nígbà tí a wà ní kékeré, wọ́n á ní, "Kò sí nǹkankan, mo dúpẹ́." Mi ò béèrè mọ́ láti ìgbà yẹn, àfi lọ́jọ́ náà.

"Bẹ́líìtì yẹn náà ni," ni Màámi wí. "Ọdún tí wọ́n rà á."

Mo ní, "Mo bẹ̀ yín, ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó Jímọ̀ dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Títí ẹ ó fi bò ó, mi ò ní pè yín lójú iṣẹ́ mọ́, fídíò kankan ò ní sí." Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu ọmọ sí ìyá, mo sì mọ̀. Ó le fún èmi náà, torí kò sí ẹlòmíì tó ń kí mi. Ṣùgbọ́n mi ò yí i padà. Wọ́n pa foonu mọ́ mi lójú, ọjọ́ mẹ́fà la ò sì fi bára wa sọ̀rọ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, aago mẹ́wàá á lù, màá mú foonu jáde, màá tún dá a padà.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò tíì ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ń jẹrà nílẹ̀, kí n wí ohun tí mo fẹ́. Ìyá mi nìyẹn, wọ́n á bínú tán, wọ́n á sì ti ṣe é.

Mo pe Lámídì, ajórin kan ní Adégbayì tó ti bá bàbá mi ṣiṣẹ́ rí. Ó fi irin ṣe àpótí gbàràgàdà kan bo bẹ́líìtì, ó fi nọ́ọ̀tì mẹ́jọ dè é. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti parí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo gbọ́ pé àpótí ti wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ti ń sùn lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì náà máa ń yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì sí ẹni tó fẹ́ máa tú nọ́ọ̀tì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo bínú sí wọn. Mo lọ fi ẹjọ́ wọn sun Ìyá Gulóríà nílé oúnjẹ.

Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bi mí pé, "Ta lẹ bi léèrè kẹ́ ẹ tó ṣe é?"

"A bi ajórin."

"Ṣé ajórin ló ń dúró lẹ́nu ẹ̀rọ?"

Mo pe Sídíkátù ní alẹ́ yẹn. Láti ọjọ́ tó fara pa, a ò tíì sọ̀rọ̀ kọjá "báwo lara". Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìkíni mi ló gé ìka rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́," ló wí. "Mo kúnlẹ̀ kí bàbá tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ládùúgbò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ kí Wòlíì. Mo máa ń fọwọ́ kan ibẹ̀, màá sì yára fà á. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Wọ́n á ní mi ò fẹ́ ṣiṣẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mélòó ni bẹ́líìtì yẹn ti kì í nílọ̀ tí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni? Mo wá bi í pé báwo lòun ì bá ṣe ṣe é ká ní òun ni ajórin. Àfi bíi pé ó ti ń dúró de ẹni tó máa bi í. Ó ní kí àpótí náà ní ilẹ̀kùn tó ní ìde dípò nọ́ọ̀tì, kí èèyàn lè ṣí i fúnra rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú. Ó ní kí wọ́n fa wáyà láti ẹ́ńjìnnì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, kó lè pa á láìsáré yípo ilé. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ igi tí wọ́n á máa fi ti ẹ̀gẹ́ wọlé dípò ọwọ́, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò kékeré tí omi ẹ̀gẹ́ á máa gbà jáde, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Lámídì ṣe gbogbo rẹ̀. Adìẹ ò sùn lórí ìkankan nínú wọn.

Ìkíni ló wá kù. Irin lè bo bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n kò lè di orúnkún ọmọ Yorùbá mú. Màámi to búlọ́ọ̀kù la àárín ilé ẹ̀rọ já, wọ́n ní àlejò ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kejì gan-an ni Àlùhájì Ràájí wọlé, àgbà tó ni ilẹ̀ tí ilé ẹ̀rọ wà. Ìyàwó Jímọ̀ rí wọn, ó kọjú sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àlùhájì dúró, wọ́n wúkọ́, wọ́n tún wúkọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ ò kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, wọ́n yí padà, wọ́n ní ó dáa, àwọn ò mọ̀ pé ilé yìí ti di ilé òyìnbó.

Màámi pè mí lọ́sàn-án yẹn, ohùn wọn ti bà jẹ́. "Ojú tì mí. Ọ̀la ni mo máa kó búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò. Èmi tí mo máa ń dá èèyàn padà pé kó wá kíni."

Sídíkátù ló wá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó lọ sílé Àlùhájì fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa pẹ̀lú gbogbo oríkì ilé wọn tó mọ̀, ó sì wá na ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Bàbá, ìkíni ni mò ń kí tí èyí fi lọ," ló wí. "Mo fẹ́ máa kí yín títí. Mi ò fẹ́ kí ìyókù lọ ni."

Àlùhájì mú ọwọ́ náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, "Subuhánálàhì." Ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àga onígi kan wá láti ilé wọn, wọ́n gbé e sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ. Nígbà tí àgbà ilẹ̀ ti jókòó dúró, ta ló tún kù tó máa sọ pé òun ò lè dúró?

Màámi fi tiwọn kún un. Wọ́n gbé agogo àdúrà kékeré kan wá láti ilé, wọ́n gbé e kọ́ ara òpó. Tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ lọ́sàn-án, wọ́n á lu agogo, gbogbo èèyàn á jáde, wọ́n á sì kí ara wọn délẹ̀, kí wọ́n tún kí àlejò tó ń dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á jẹ́rìí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é léṣe lọ́jọ́ náà tí Ọlọ́run yọ ọ́. Àwọn ará ìjọ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí, àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí á ní "Alihamudulilai", wọ́n á jẹ́ tiwọn. Ẹnì kan á ní ọwọ́ jáàkì ń yọ̀, ẹlòmíì á ní èéfín agbada ń fọ́ òun lójú. Tí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, Màámi á dìde lọ wo ọwọ́ jáàkì. Mo sọ fún Ìyá Gulóríà pé ìwé ara ògiri wọn la ń kà sókè nílé wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Sídíkátù ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kankan ò gbọdọ̀ dúró ti ẹnu ẹ̀rọ àfi tí Sídíkátù bá ti kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, Màámi ló sì fún un láṣẹ yẹn. Ó tún ti ń dirun. Ó lọ́ra ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìka àárín ló fi ń ya irun báyìí, àwọn kan ò dúró dè é mọ́. Àwọn tó dúró pọ̀ ju àwọn tó lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tiwa. Mò ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì, ni mo rí ojú rẹ̀ tó yí sí mi, tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀, tó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti kí mi bẹ́ẹ̀ lójúkojú. Ara mi gba ìkíni náà látòkè délẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa.

Ojú rẹ̀ kún fún omi. Mo ní, "Má sunkún. Kí mi nílé oúnjẹ, sì kí mi dáadáa." Nígbà tí ìsinmi tó, ó kí mi, èmi náà sì bi í léèrè ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, òtútù àti ilé tó ń gbé, títí tó fi rẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn débi tí mi ò fi rántí wo aago. Mo mú foonu, mo pe Màámi láti sọ fún wọn. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, ẹ̀rọ á ti máa pariwo lọ́hùn-ún, foonu wọn á sì wà lórí ìṣó lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù, níbi tí wọ́n ń gbé e kọ́ báyìí títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ. Ó dún, ó dún, ó tún dún. Mo fetí sí i títí ó fi dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Lẹ́yìn náà, mo dá foonu padà sínú àpò mi, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ tèmi.